Ìràwọ̀ Pupa Tó Kàn Dúró Sẹ́yìn

Eyín kan ti bọ́ lẹ́nu Addi kí Izza tó wọlé. Ó rí eyín náà nílẹ̀ kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ harira tí wọ́n ti dà nù, ó sì rí Jilali, igbákejì rẹ̀, tó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń la igi. Wọ́n ti de ọwọ́ Addi alásè mọ́ ẹ̀yìn àga. Ojú òsì rẹ̀ ti wú débi pé kò ṣeé là mọ́. Aṣọ ìdáná rẹ̀ tó jẹ́ funfun lánàá ti pupa láti àyà dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Ó ti fẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́, Ọ̀gá," Jilali wí. "Díẹ̀ ló kù."

"Tú u."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ní kí o tú u. Àbí kí n yọ eyín tìẹ fi rọ́pò èyí tó o yọ lẹ́nu ẹ̀?"

Jilali tú u. Kò fẹ́ mọ̀ bóyá àwàdà ni. Obìnrin tí kò ga, tí kò sì sanra ni Izza Oubihi, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìjọba ní lókè Atlas, òun nìkan ni àwọn ọ̀daràn máa ń béèrè bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó jalè. Ọmọ olówò ewúrẹ́ ni. Àwọn ará Marrakesh máa ń fi ìyẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́, òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á máa ya dìndìnrìn níwájú wọn títí wọ́n á fi sọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n sọ.

Iṣẹ́ tó gbé wọn gun òkè lówùúrọ̀ yìí burú. Ilé awò ni ibẹ̀, ilé olórùlé roboto tí àwọn onímọ̀ ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀. Yìnyín ti dí ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́ àná títí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi là á kọjá láàárọ̀, kò sí ẹni tó lè gòkè, kò sí ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn, Wassim, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìràwọ̀, wà nílẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń fọ díńgí awò, wọ́n ti fi sípánà ńlá fọ́ ọ lórí. Addi alásè ló bá a níbẹ̀, òun náà ló sì tẹ ọlọ́pàá láago. Ó kù Ọ̀jọ̀gbọ́n Ghali Sebti tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, àti Ọ̀mọ̀wé Hiba Kettani.

Ohun tó kó Addi sí wàhálà ni pé níbi oúnjẹ alẹ́, Wassim ní iyọ̀ pọ̀ jù nínú harira, ó sì gbá a létí lójú gbogbo wọn. Addi mú ọ̀bẹ, ó ní òun á pa á. Àwọn méjèèjì tó kù gbọ́ ọ. Ọkọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba sì ń bọ̀ ní ọ̀sán láti wá gbé ẹni tí ọlọ́pàá bá fà kalẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìjẹ́wọ́ tí Jilali ń lù jáde lẹ́nu rẹ̀ gbé Addi lọ, ó di ẹni ẹ̀wọ̀n títí ayé, Izza mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

Ó rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó nu ẹnu ọkùnrin náà, ó sì bá a sọ èdè àwọn ará òkè. Addi ń pè é ní Lalla, ìyẹn ìyáàfin. Addi ní òun ń gbé búrẹ́dì lọ ni òun rí ẹsẹ̀ níbi ilẹ̀kùn. Ó ní òun gbé orí Wassim sáyà òun, ó ṣì ń mí nígbà yẹn, ó mí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì dákẹ́.

"Mo ní màá pa á, lóòótọ́ ni," Addi wí. "Ṣé àwa ò máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, Lalla? Ìyá mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójoojúmọ́."

"Tèmi náà máa ń sọ ọ́."

"Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi rí mi pẹ̀lú ẹnu yìí."

Izza ní kò ní rí i. Ó yípadà sí Jilali, ó ní kó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí òun gan-an náà má sì wọlé.

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ díńgí kò fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri ọ̀tún, ó wà lára tòsì, ó tún wà lókè àjà. Tábìlì ti dojú dé. Jilali ti sọ tirẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀ láàárọ̀: èèyàn méjì ló jà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lápá kan, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì lápá kejì, ó ṣe tán, ojú Addi ní àmì ìjà. Izza kúnlẹ̀ ti òkú náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí èékánná tó ṣẹ́, ìka ọwọ́ kò bó, kò sí irun ẹlòmíì níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di etí ìkòkò tíì mú, omi tíì àti ewé míńtì sì ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni kò jà níbí, ló sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n pa á ni. Wọ́n gbá a látẹ̀yìn nígbà tó kọjú sí ògiri tó ń da tíì, ó ṣubú, ó gbé tábìlì lọ. Ẹni náà wá ń gbá a lọ bó ti wà nílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì gbé sípánà sókè, ẹ̀jẹ̀ á ta láti orí irin sí ògiri ọ̀tún, á ta sí tòsì, á ta sókè. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló kún yàrá yìí. Ẹni tó bá wọlé láìfara balẹ̀ ló máa rí ẹni méjì.

Inú bí i gan-an níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó máa kọ ẹ̀yìn sí alásè tó fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ọn ní alẹ́ yẹn kan náà, kó wá máa da tíì fún un pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí Wassim ń bu ọlá fún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹni tí kò bẹ̀rù rárá.

Ọ̀mọ̀wé Hiba wà nínú yàrá rẹ̀, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tí Izza kọ́kọ́ rí ni báńdéèjì tó wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní kó tú u. Hiba kọ̀, Izza di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tú u fúnra rẹ̀. Awọ ara ibẹ̀ funfun, ó lé ròrò, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Hiba ṣàlàyé pé omi kan tó tutù ju yìnyín lọ, tí wọ́n ń bù sínú kámẹ́rà awò kó má bàa gbóná ló dà sí òun lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ àná, òun mu oògùn ìrora lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, òun sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Izza ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó sọnù sínú yìnyín. Ọwọ́ yẹn ò lè gbé ṣíbí, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti sípánà.

"Mo ti pa ẹ́ lára lásán," Izza wí. "Má bínú. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ níbi oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iyọ̀?"

Hiba ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni, pé kò lè yé Izza.

"Ọmọ olówò ewúrẹ́ ni mí. Ta ló wo ìràwọ̀ tó mi nínú ilé yìí? Sọ ọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó ní ìràwọ̀ kan wà tó bá ti darúgbó, á tú afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ká, èyí tó kù láàárín á gbóná débi pé á mú kí afẹ́fẹ́ náà máa tàn. Ìkùukùu ni wọ́n ń pè é. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni, tó ń kú lọ. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń pè ní ajùmọ̀jẹ. Méjì nìyẹn, ìràwọ̀ pupa ńlá kan àti kékeré gbígbóná kan tó so mọ́ ọn tó ń fa ara ìràwọ̀ pupa náà jẹ. Bí wọ́n bá tú ìmọ́lẹ̀ wọn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ìkùukùu àti ajùmọ̀jẹ jọra débi pé wọ́n máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ohun tí wọ́n fi ń dá ajùmọ̀jẹ mọ̀ ni pé àmì ìràwọ̀ pupa máa ń wà nínú rẹ̀.

"Ajùmọ̀jẹ kan ló sọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ghali di ẹni ńlá," Hiba wí. "Oyè, ilé awò yìí, gbogbo ẹ̀. Wassim wá sọ fún un lánàá pé ìkùukùu lásán ni."

"Àmì pupa yẹn ńkọ́?"

"Ìràwọ̀ pupa kan kàn dúró sẹ́yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún ni, díẹ̀ báyìí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jìnnà sí i, wọn ò mọra rí. Ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú ẹ̀rọ wa. Tó bá wà lóòró, ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì á jọ wọlé. Tẹ́ ẹ bá yí i dábùú, ti ìkùukùu nìkan lá wọlé. Wọn ò yí i rí."

"Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gun orí awò lóru, òun á yí ihò náà, òun á fojú ara òun rí i. Ó sì lọ. Ẹ̀rọ ṣì ń ya àwòrán nígbà tí mo jí láàárọ̀."

Izza dúpẹ́. Ó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń ronú nípa ẹni tó kàn dúró sẹ́yìn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn wọ ihò kan náà.

Ní ìta, ọkọ̀ kan ti tẹ̀lé ipa ọkọ̀ ọlọ́pàá gòkè. Tawfiq ni, ẹ̀gbọ́n Wassim, ọkùnrin gìrìpá tó ń ta òkúta ìkọ́lé ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó ti wọ yàrá ìfọdíńgí kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró, ó sì ti rí ohun tó kù lórí àbúrò rẹ̀. Ó dúró nínú yìnyín láìwọ ẹ̀wù òtútù.

"Wọ́n ní alásè ni," ó wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́pàá yín tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní ó ti fẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́."

Izza bú Jilali nínú ọkàn rẹ̀. Ó di apá Tawfiq mú, ó sọ fún un pé kì í ṣe alásè, pé òun ò tíì lè dárúkọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n kó fún òun láyè díẹ̀, kó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀. Izza rò pé ó ti gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ghali ń mu kọfí nígbà tí Izza wọlé. Irun rẹ̀ funfun, ó yà á dáadáa, ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ti wẹ̀. Izza rí i pé ó ti wẹ̀. Nínú òtútù tó ń mú omi dì nínú páìpù, ọkùnrin kan wẹ̀ lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Lalla, kí lẹ tún ń wá?" ó béèrè. "Ẹni tó ní òun á pa èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ òkú sì bò ó lára. Lórí òkè níbí, ṣé ẹ̀rí tún ju ìyẹn lọ lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwa ará oko, a máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé wa. Wọ́n ní Wassim fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dun òun. Àmọ́ onímọ̀ ni òun, òótọ́ ni òun ń wá. Ó ní gbogbo òru ni òun fi wà nídìí awò, kò sí ìgbà tí òun kúrò níbẹ̀, kí Izza bi ẹ̀rọ wò.

"Mo yí ihò náà dábùú bó ṣe ní kí n ṣe. Àmì pupa náà sì pòórá. Ìkùukùu nìkan ló kù. Ọmọ yẹn ló gbọ́n jù mí lọ, mo sì jókòó síbẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Ṣé ẹni tó rí irú ìyẹn ló máa lọ fọ́ ọ lórí?"

"Ẹ rí i fúnra yín?"

"Pẹ̀lú ojú méjèèjì."

Izza ní òun ò rí ìràwọ̀ nínú kọ̀ǹpútà rí láyé òun, ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n lè ṣe òun lóore kó fi hàn òun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dìde.

Hiba ló ṣí àwòrán náà nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí awò, ó fi ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì. Ìlà gígùn kan jáde, ó mọ́ roro láwọn ibì kan. Ní apá tó pupa, àwọn ìlà dúdú tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín ayùn. Hiba wò ó, ó tún ṣí òmíràn, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ni àwọn dúdú wọ̀nyẹn?" Izza béèrè.

"Àmì ìràwọ̀ pupa."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ti pòórá."

Hiba kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Ihò náà wà lóòró. Gbogbo òru ló wà lóòró. Tá a bá tẹ ẹ̀rọ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ń ya àwòrán. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹni tó bá jókòó síbí á rí i?"

"Ọmọdé á rí i."

Izza yípadà sí Ghali. Kò ya dìndìnrìn mọ́. "Ẹ mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó rí i. Ẹ tẹ ẹ̀rọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ bá a nínú yàrá ìfọdíńgí. Ó kọ ẹ̀yìn sí yín, ó ń da tíì fún yín. Ó bọ̀wọ̀ fún yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ fara tì í, ó já sílíńdà panápaná tó wà níbẹ̀, ó sì là á mọ́ kọ̀ǹpútà. Gíláàsì fọ́ káàkiri. Hiba dìde láti sá, sílíńdà náà bà á léjìká, Izza gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó fò mọ́ Ghali lọ́rùn, àwọn méjèèjì ṣubú lórí gíláàsì. Ọkùnrin náà lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ó ti orí Izza mọ́ ilẹ̀, ó fún un lọ́rùn, ojú Izza ń ṣókùnkùn.

Atẹ́gùn tó kù lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ ló fi pe Jilali.

Jilali sáré wọlé, ó gbé kóńdó lé ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọwọ́ náà kán. Ó gbé e lé e lẹ́nu. Ó tún fẹ́ gbé e lé e lórí kí Izza tó fà á sẹ́yìn, tó ń wúkọ́. Ghali dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Kò tiẹ̀ bínú sí mi," ó wí. "Ó ní kí n má dà á rò, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bu ṣúgà sí tíì mi. Ó ń káàánú mi."

Izza jókòó sórí ilẹ̀, inú rẹ̀ dùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ yẹn. Ó rò ó pé òun á fi ọkọ̀ òun gbé Addi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Ìgbà yẹn ló wo Jilali tó ń nu kóńdó rẹ̀.

"Ta lo fi sẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì?"

Jilali gbé kóńdó náà sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pè mí, ni ojú rẹ̀ ń wí.

Izza sáré. Ó gbọ́ ariwo náà kó tó dé ibẹ̀, ariwo irin tó ń bọ́ lé nǹkan tí kò le, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, láìkánjú. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn, ó ti parí. Ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ló wà lọ́wọ́ Tawfiq. Addi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, apá rẹ̀ kan ká sókè bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan dúró, kò sì sí ojú tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ pé òun ni. Izza wá ìmí lára rẹ̀, kò rí i. Ó wá a lẹ́ẹ̀kejì, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò bìkítà ẹni tó rí i.

Tawfiq ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti san gbèsè. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ìgbà yẹn ni Jilali wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ghali gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ó ti de ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ ṣúgà àti tíì síbẹ̀, pé òun ò mọ̀ pé orí èèyàn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tawfiq gbọ́ ọ. Ó wo ọkùnrin onírun funfun náà títí ó fi kọjá. Ó wo ilẹ̀. Ó jókòó lójijì sínú ọbẹ̀ tó dà nù.

"Ta wá ni mo pa?" ó béèrè.

Izza fi aṣọ tó rẹ sínú omi bo ojú òkú náà kó tó dá a lóhùn.

"Addi ló ń jẹ́," ó wí. "Òun ló gbé orí àbúrò yín sáyà títí ó fi kú."